Ewé Kan Nínú Ìwé Ọ́físà

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa dá lẹ́bi, èmi ni. Èmi ìyá àgbà yìí, tí ìdí mi kì í gba àga kan, tí ẹnu mi kì í sinmi, tí mo ti fọ́nnu fún gbogbo ọmọ-ọmọ mi pé kò sí ìwé tó ya tí n kò lè tún ṣe. Ìwé kan ṣoṣo tó yẹ kí n fi sílẹ̀ bó ṣe wà láyé yìí, òun gan-an ni mo tún ṣe. Mo tún un ṣe, ó dára, ó ń dán, ó sì bàjẹ́ pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in níbí, torí níwájú, ẹ̀rín ò pọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìwé rírán ni mò ń ṣe. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí ewé rẹ̀ ń jábọ́ bí irun orí mi, wọn á gbé e wá. Màá tú u palẹ̀, màá fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pa dà, màá fi gọ́ọ̀mù kun ẹ̀yìn rẹ̀, màá lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn náà kó lè le, màá wá fi èèpo tuntun bo gbogbo rẹ̀. Bébà tí à ń lẹ mọ́ ẹ̀yìn yẹn, ojú ẹnikẹ́ni kì í tó o mọ́ láéláé, nítorí náà a kì í ra tuntun fún un. Àjákù ìwé inú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń fi ọ̀bẹ là ní òòró, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà, òun ló ń wa mọ́tò ọ́físà kan nígbà ogun. Ó lọ, kò dé. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ni pé ó sá. Wọn ò sọ pé ó kú, wọn ò sọ pé ó sọnù. Pé ó sá. Láti ọjọ́ náà, àwọn ará àdúgbò ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìyàwó sójà mọ́. Ìyàwó Ó-Sálọ ló kù tí wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá tò sídìí ẹ̀rọ omi, ẹnì kan á ní kí wọ́n jẹ́ kí Ìyàwó Ó-Sálọ kọ́kọ́ pọn tirẹ̀ kí òun náà má baà sá. Ẹ̀gbọ́n mi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Á ní báwo ni ọkọ òun ṣe fẹ́ sá, ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tí kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé àfi ọ̀pọ̀lọ́. Tó bá dé inú ilé tán, á ti ilẹ̀kùn, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Oyún tí ọkọ fi sílẹ̀ fún un ló bí, ọmọ náà obìnrin, òun ló di tíṣà lónìí. Èmi ni ọmọ yìí ń pè ní Màmá Kékeré, nítorí pé èmi ni àbúrò ìyá rẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe tóbi tó, kí ẹ wá wo orúkọ.

Ọ́físà ní tirẹ̀ wálé láyọ̀. Ó kó gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ lójú ogun jọ, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Ìwé náà lókìkí débi pé àwọn ilé-ìwé ń kà á, ó sì ti gba abẹ́ abẹ́rẹ́ mi kọjá láìmọye ìgbà. Inú rẹ̀ ló ti kọ ọ́ pé awakọ̀ òun sá. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ìwé tó kọ́kọ́ jáde kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn fẹ́ kúrò létí odò, awakọ̀ òun fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú àpò, ó ní òun ò ní gbé ọ̀gá kankan lọ nígbà tí àwọn tó fara gbọta ṣì ń kérora nílẹ̀. Ó ní òun pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn fún un. Ó kọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bóyá ó rò pé ìwà akin ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló la ojú rẹ̀ pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. Ó sáré kó ìwé náà nílẹ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó dáná sun ún, ó sì ní kí wọ́n tún ewé kan ṣoṣo yẹn tẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Bàbá tó tẹ ìwé náà fún un ń gbé lẹ́yìn àdúgbò wa. Ó fi ẹyọ kan pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kó yàrá rẹ̀ jáde, wọ́n pe Tíṣà pé kó wá ṣa ìwé àtijọ́ fún ilé-ìwé rẹ̀. Ìdúró ló wà tó ń ṣí ìwé yìí wò. Nígbà tó dé ojú ewé yẹn, ńṣe ló jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára.

Ó kà á fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó tún un kà. Ó dìde, ó fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, ó pa dà wá, ó ní kó tún un kà.

Lásìkò yìí gan-an sì ni ìlú ń mọ ògiri òkúta tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ orúkọ àwọn sójà tó kú sójú ogun sí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan, pé ẹni tí wọ́n bá fo orúkọ èèyàn rẹ̀, kó wá fi ẹ̀rí hàn kí agbẹ́kúta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tíṣà lọ bá wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sùn dáadáa mọ́ látọjọ́ náà. Orúkọ ọkọ rẹ̀ lára ògiri, ohun tó kù tó ń fẹ́ kó tó kú nìyẹn, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà fẹ́ kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú ewé yẹn. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti bọ́ sọ́rọ̀. Mo ní irú ìwé wo ni wọ́n fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn èèyàn ńlá, ọ̀rinrin ti mú un, ó ti bu, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́dẹ. Mo ní kó gbé e wá, pé tí mo bá ṣe é tán, kó wá ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni ń ya ìyàwó tuntun. Tíṣà ò fẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní kó gbé e fún mi, pé iṣẹ́ mi ni. Ó fi òwú pupa kan sáàárín ojú ewé náà, ó ní, "Màmá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí òwú yìí wà, ẹ má fọwọ́ kàn án." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo fọ ìdí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tó wá ń kọ́ mi níṣẹ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Béèyàn bá tú ìwé palẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń já bọ́, òwú pupa pẹ̀lú. Ó já bọ́, mo mú un, mo so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ mi kó má baà sọnù. Mo tiẹ̀ gbóríyìn fún ara mi. Ní tèmi, mo rò pé bí ìwé àkọ́kọ́ bá ní ohun tí èkejì kò ní, a jẹ́ pé ewé rẹ̀ á fi kan pọ̀ ju tèkejì lọ, ojú mi á sì tètè rí èyí tó lé. Mo kà á mọ́ ti àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lọ́wọ́ mi: iye ewé méjèèjì ṣe déédéé. Mo ní ó dáa, Tíṣà á wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn ewé kan láàárín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ti dúdú, yíǹkì ti ṣàn díẹ̀. Abẹ́ tábìlì mi sì rèé, ìwé ọ́físà kan náà, ti àwọn ọmọ ilé-ìwé, ògbólógbòó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi láti máa ya lò. Ewé inú rẹ̀ mọ́. Nínú iṣẹ́ wa, ohun mẹ́ta là ń yẹ̀ wò ká tó fi ewé kan dípò èkejì: nọ́ńbà ojú ìwé, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lókè, ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, ewé kan náà ni. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa gbá mi létí bó bá ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń ka àárín, á ní ṣé ìwé ni mo wá rán tàbí ìwé ni mo wá kà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ẹni tó tún ewé yẹn tẹ̀ fún ọ́físà ti rí i dájú pé ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí níbi tó ti parí, kí wọ́n má baà tún ìyókù tò. Awò ojú mi wà lórí irun mi. Mò ń kọrin. Mò ń jùdí sórí àga. Mo yọ ewé dúdú, mo fi èyí tó mọ́ sí i, mo sọ dúdú sínú apẹ̀rẹ̀.

Ìwé náà jáde bí ọmọ tí wọ́n wẹ̀. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tètè gbẹ, àárọ̀ ọjọ́ ìjókòó ìgbìmọ̀ ni Tíṣà tó wá gbà á, kò sáyè fọ́tò mọ́. Mo já òwú pupa fún un lọ́rùn ọwọ́ mi, ó mú un láì wò mí, a kó sọ́nà.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ni wọ́n jókòó sí, fáànù rẹ̀ ń dún bí eku. Wọ́n fi wá sórí bẹ́ǹṣì. Èmi gba ààyè èèyàn méjì, ẹ̀gbọ́n mi tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ìdajì, a ṣáà bá ara wa mu. Alága jẹ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ tutù, kò kánjú. Nígbà tó kan Tíṣà, ó dìde, ó ṣí ìwé, ó wá ojú ewé náà kàn. Ó ka ìlà àkọ́kọ́. Ó ka ìkejì. Ó fi ìka kan nọ́ńbà ojú ìwé, ó ṣí ewé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Alága na ọwọ́, ó gba ìwé, ó sì kà á sókè fún gbogbo ilé: pé awakọ̀ sá kí ilẹ̀ tó mọ́, pé ó gbé ẹ̀wù kóòtù olówùú ọ́físà lọ, pé ó fi àwọn tó fara gbọta sílẹ̀ tí wọ́n ń ké pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní. "Ọkọ mi ga. Ọ́físà yẹn kúrú, mo fojú mi rí i lọ́jọ́ tó wá mú ọkọ mi nílé. Kí ni ọkọ mi fẹ́ fi kóòtù ẹ̀ ṣe? Ṣé kó fi bo orúnkún ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá jókòó, ó ní a lè pa dà wá ní ìjókòó tó ń bọ̀ bí a bá ní ohun mìíràn, pé lẹ́yìn ìyẹn agbẹ́kúta á bẹ̀rẹ̀.

Ìta ni Tíṣà ti bi mí léèrè ibi tí ewé dúdú wà. Mo rẹ́rìn-ín. Ojora ló mú mi, bí ẹnu mi sì ṣe ń ṣe nìyẹn tí ojora bá mú mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹnu mi bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tí ẹnì kan gbàgbé láti tì. Mo wá sọ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan orin tí mò ń kọ.

Apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo. Mo ti fi gbogbo inú rẹ̀ lẹ ẹ̀yìn àwọn ìwé atúmọ̀ èdè gbàǹgbà-gbàǹgbà ti ilé-ìwé Tíṣà, tí mo sì ti dá wọn pa dà. A forí lé ibẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé ṣẹ̀ṣẹ̀ tò wọ́n sórí pẹpẹ ni, ó ń fi wọ́n yangàn fún àwọn tíṣà yòókù. Nígbà tí mo yọ ọ̀bẹ, ó fi ara bo ìwé bí adìyẹ tó sàba. Tíṣà bá a sọ̀rọ̀ ní igun kan. Ohun tó sọ fún un, n kò gbọ́, àmọ́ ọkùnrin náà lọ gbé omi gbígbóná wá fúnra rẹ̀, ó sì jókòó tì mí nílẹ̀.

Ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi bò, mo fi ọwọ́ ara mi bó o ní ìkọ̀ọ̀kan. Mò ń ya ẹ̀yìn wọn, mò ń fi aṣọ gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù, mò ń hó bébà kúrò. Ẹni bá ń ṣiṣẹ́ burúkú ìbá ti bọ́ nínú ewu lọ́jọ́ yẹn. Èmi, iṣẹ́ mi dára, gọ́ọ̀mù mi kì í jẹ́ kí nǹkan lọ. Ẹ̀là àkọ́kọ́ lára ewé dúdú náà jáde. Ẹ̀là kejì jáde. Òòró ni mo là wọ́n, nítorí náà ẹ̀là kọ̀ọ̀kan kàn mú ọ̀rọ̀ díẹ̀ díẹ̀ dání nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ń tò wọ́n pọ̀ lórí ilẹ̀. Ó rí "awakọ̀ mi". Ó rí "kérora". Ó rí "mo pàṣẹ". Ẹ̀là àárín ló kù, èyí tó máa so wọ́n pọ̀, tó sì mú ibi tí wọ́n sin ín sí dání. Mo rí i lẹ́yìn ìwé tó gbẹ̀yìn. Mo ti kun ún ní gọ́ọ̀mù lójú méjèèjì. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, ó yọ̀ sí mi níka bí ẹ̀kọ tutù.

N kò lè dìde nílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló fà mí dìde, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, olùtọ́jú ìwé ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Nígbà mìíràn, màá ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

A bi Tíṣà bóyá ó rántí ibi tí ìwé náà dárúkọ. Ó ní ìgbà tí òun ń kà á, omi wà lójú òun, òun rántí pé igi wà níbẹ̀, òun ò rántí èbúté tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò há a sórí, torí pé ìwé wà nílé, òun rò pé gbogbo ìgbà lòun lè ní kí wọ́n tún un kà.

A kó ẹ̀là bébà lọ sí ìjókòó kejì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ihò láàárín bí ẹnu mi tí eyín ti yọ. Alága yẹ̀ wọ́n wò pẹ́. Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka tẹ̀ lé ibi tí mo ti so ewé tuntun mọ́ àtijọ́, ó wá a títí, kò rí i.

"Iṣẹ́ yín dára, ìyá," ó ní.

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń wá irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Èmi fúnra mi gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tú ìwé yìí, ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ̀yin náà lẹ tún mú ẹ̀là bébà wá pé ẹ̀yìn ìwé mìíràn lẹ ti hó o. Àbúrò ìyàwó awakọ̀ náà sì ni yín. Bí ẹlòmíràn bá gbé irú èyí wá síwájú mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́rìí. Ẹni tó tẹ ìwé ti kú, ọ́físà ti kú, Tíṣà sì jẹ́ ọmọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rí kò tó. Bí a ṣe ń jáde, agbẹ́kúta ti ń to irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nídìí ògiri, ó kí wa dáadáa, a dá a lóhùn.

Nílé, Tíṣà bọ́ sí ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi to àwọn ẹ̀là náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó fi ife omi tẹ etí wọn mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn. Èmi jókòó sórí àga tó ń han lábẹ́ mi, mò ń sọ̀rọ̀. Mo ní ọ́físà ò lè sun gbogbo rẹ̀ tán, pé á ṣì ku ẹyọ kan níbì kan. Mo ní màá kọ̀wé sí gbogbo aránwèé tí mo mọ̀. Mo ní bí mo bá tún fọwọ́ kan ìwé tí wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí mi mọ́ àga. Mo tiẹ̀ fọwọ́ gbá ìdí mi kó lè rẹ́rìn-ín.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ń fi orí ìka kan ti àwọn ẹ̀là náà súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, títí ihò àárín fi pa dé, tí ọ̀rọ̀ ìhín àti ti ọ̀hún fi kanra wọn láìní ìtumọ̀. Ó wá gbójú sókè.

"Nígbà tí ọ̀bẹ yẹn ń kọjá lára rẹ̀," ó ní, "ṣé ọwọ́ rẹ ò tiẹ̀ gbọ̀n díẹ̀?"